Apá Kò Gbọdọ̀ Dúró

"Apá ti dúró," ni Ẹlẹ́rìí wí.

Oríyọmí yára ti àjẹ̀ bọ omi lápá òsì, ó fà á, ó yí i, ó tún tì í bọ̀ ọ́ lápá ọ̀tún. Imú ló ń yún un. Kò ju pé ó gbé ọwọ́ kan kúrò lára àjẹ̀ láti họ ọ́ lọ, ohun èlò náà ti rí i.

"Apá ń ṣiṣẹ́," ni Ẹlẹ́rìí tún wí, ó sì dákẹ́.

Bàbá Ikúẹ̀sàn, tó jókòó síwájú nínú kayáàkì, tó gbé àjẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ láti mu omi, rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ó ní láyé tòun, ìyàwó nìkan ló máa ń ṣọ́ ọkùnrin tó báyìí, ìyàwó náà sì máa ń sùn. Oríyọmí tún àjẹ̀ dì mú. Ojú omi ló ń wò. Bàbá yìí ni àbúrò ìyá rẹ̀, irun orí rẹ̀ ti funfun tán, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fi àjẹ̀ gé omi kò tíì yẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní èbúté.

Ẹlẹ́rìí kò tóbi ju ààbọ̀ èèpo àgbọn lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ Ilé-iṣẹ́ Omi ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó iwájú lọ́jọ́ tí wọ́n gbéra, wọ́n sì fi èdìdì dì í. Àwọn okùn tín-ín-rín wà nínú ọ̀pá àjẹ̀ méjèèjì tó ń sọ fún un bí apá ṣe ń tẹ̀ àti bí ó ṣe ń fà. Iṣẹ́ Oríyọmí ni títún àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò ládùúgbò ṣe, nítorí náà ó ti yẹ àwọn okùn náà wò dáadáa, ó sì fẹ́ràn ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá so àjẹ̀ mọ́ mọ́tò kékeré kó lè máa bá a fì í, Ẹlẹ́rìí yóò mọ̀, nítorí pé kì í rẹ mọ́tò. Apá èèyàn máa ń falẹ̀ díẹ̀, á tún le, á tún falẹ̀. Àárẹ̀ yẹn gan-an ni ohun èlò náà ń kà.

Kayáàkì ọ̀hún gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fúyẹ́ débi pé àwọn méjèèjì lè gbé e gun etíkun láìsinmi. Ihò méjì ló ní, ẹni kọ̀ọ̀kan jókòó sínú tirẹ̀, ó fi aṣọ rọ́bà dí ẹnu ihò náà mọ́ ìbàdí kí ìgbì má baà bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń fi ẹsẹ̀ darí ìtọ́kọ̀: tó bá ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, imú ọkọ̀ á yà sí ọ̀tún. Bàbá ti sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ darí kì í ṣe ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ ìránṣọ ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi Oríyọmí pé aṣọ ta ló ń rán lọ́wọ́.

Lápá òsì wọn ni Erékùṣù Ìyókù wà, ó nà lọ bí ẹni tó dùbúlẹ̀ tí kò fẹ́ dìde. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ilẹ̀ nígbà tí òkun gun òkè ni, ìyẹn ni wọ́n sì fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ń yí i ká láti ìgbà tí òṣùpá ti lé. Wọ́n ti gba àárín igbó ẹ̀gbà, igi tó ń hù nínú omi iyọ̀, kọjá níbi tí omi ti dúdú bí tíì. Wọ́n ti sùn lórí iyanrìn, lórí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ kan tó yọrí síta, àti nínú ọkọ̀ ńlá tó ti dípẹtà. Ohun tó kù níwájú wọn ni apá ìlà-oòrùn, Ìdí-Àgbọn, ìlú wọn, sì wà níbẹ̀, lábẹ́ omi.

Òfin náà kò gùn. Akọ̀wé kan ló kà á sí wọn létí ní èbúté, ó ń jẹ ẹ̀pà bó ti ń kà á: ọmọ ìlú, nínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ, yóò fi apá ara rẹ̀ yí erékùṣù ká, yóò sì gba orí ìlú rẹ̀ kọjá láti àgbá pupa àkọ́kọ́ dé àgbá pupa ìkẹyìn. Níbi tí apá bá ti dúró lójú omi, ibẹ̀ ni ìrìnàjò parí. Ìlú tí kò bá rí ọmọ tó ṣe é fún un kí àkókò rẹ̀ tó pé yóò di omi lásán. Oríyọmí bi í ní ìtumọ̀ omi lásán. Akọ̀wé náà gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó ní omi tí kò ní orúkọ ni.

Wọ́n ti rí ọ̀kan lọ́nà. Èbúté-Alẹ́ ni wọ́n ń pe ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí àgbá pupa níbẹ̀ mọ́, àfi àwọn òpó funfun tó tò lọ ní ìlà, iná kékeré ń ṣẹ́jú lórí wọn, àwọn abẹ̀bẹ̀ ńlá sì ń yí lábẹ́ omi tí wọ́n ń fi ìṣàn òkun ṣe iná fún àwọn tó wà lórí òkè. Omi ibẹ̀ ń kùn bí ìdí ìkòkò tó fẹ́ hó. Oríyọmí, tó fẹ́ràn ẹ̀rọ, kò lè sẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni. Bàbá wo ibẹ̀ títí, ó ní ibẹ̀ ni òun ti ra bàtà òun àkọ́kọ́, ó ní bàtà náà fún òun lẹ́sẹ̀ pa.

Ìṣòro Ìdí-Àgbọn kò sí lọ́wọ́ àárẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú náà lágbára, wọ́n sì mọ ọkọ̀ í tù. Ìwà wọn ló ń dá wọn lẹ́bi. Lálẹ́ ọjọ́ tí òkun wọlé, àwọn àgbàlagbà kan kọ̀, wọn kò jáde, wọ́n ní àwọn kò ní lọ kú sílé onílé. Iyàrá wọn ni wọ́n ṣì wà. Nítorí náà, bí ọmọ Ìdí-Àgbọn bá dé orí ìlú, yóò gbé àjẹ̀ kúrò nínú omi, yóò tẹ́ ẹ sórí itan, yóò sì jẹ́ kí omi gbé òun kọjá ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. Wọ́n á rí i lọ́wọ́ bàbá wọn, wọ́n á sì máa ṣe é. Orímisàn, ẹ̀gbọ́n Oríyọmí, ti yí erékùṣù yìí ká nígbà tó kọjá, kò ṣe àṣìṣe kankan, ó dé orí ìlú, ó gbé àjẹ̀. Ẹlẹ́rìí kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà kẹta ó ní ìrìnàjò ti parí. Orímisàn kò gbé ojú sókè. Ilé-iṣẹ́ Omi fún ìlú náà ní àǹfààní kan sí i, wọ́n sì ní kò ní sí òmíràn.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé, àwọn kan ní kí Oríyọmí tukọ̀ kọjá bó ti yẹ, àwọn kan ní kò gbọdọ̀ dán an wò. Alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kó tukọ̀, kó sì panu mọ́ tó bá dé. Oríyọmí ní ó ti yé òun. Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀, Adúntàn, di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Má fi àjẹ̀ gún ìyá mi lójú." Oríyọmí ní òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Òun náà mọ̀ pé ẹni tó bá ṣe ìlérí méjì báyìí ní láti wá ọgbọ́n kan, ó sì wá a. Nígbà tí omi bá ń fà, ìṣàn tó ń gba àárín erékùṣù àti òkun gbangba máa ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí wọ́n bá wọ orí ìlú nígbà tí ìṣàn náà bá le jù lọ, yóò gbé wọn sọ sí òdì kejì kí Ẹlẹ́rìí tó lè sọ̀rọ̀ nígbà kẹta. Kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ó ti ń dán sùúrù Ẹlẹ́rìí wò lọ́nà, bí Bàbá bá gbé àjẹ̀ sinmi, òun náà á gbé apá dúró díẹ̀, ó ń fetí sí ìgbà tó máa kọ́kọ́ kìlọ̀ àti ìgbà tó máa kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ń fi àlàfo àárín wọn díwọ̀n ìkẹta. Ó ṣírò ìṣàn, ó ṣírò ìbú ìlú. Ó máa bọ́ sí i. Kìkì pé wọ́n ní láti dé ibẹ̀ nígbà tó yẹ.

Màmá Ẹkúndayọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n dé ibẹ̀ nígbà tó yẹ.

Ilé rẹ̀ léfòó lórí àwọn àgbá ike létí igbó ẹ̀gbà, aṣọ tó ń gba oòrùn ṣe iná bò ó lórí bí ìbòrí ìyàwó. Ó ń ṣa ìṣáwùrú kúrò lára gbòǹgbò igi nígbà tí wọ́n ń kọjá lọ láàárọ̀. Bàbá Ikúẹ̀sàn kí i. Kò ju kíkí lọ. Màmá náà dáhùn, ó bèèrè pé ará ibo ni wọ́n, Bàbá sọ fún un, ó wá bèèrè pé ìdílé wo, Bàbá sọ fún un, ló bá ju agbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé Adúntàn tó jẹ́ pé èmi àti ẹ̀ la jọ ń fẹ́ ọkùnrin kan náà láìmọ̀?"

"Ọmọ ẹ̀ ló wà lẹ́yìn mi yẹn."

"Ojú ẹ̀ ò jọ ti ọkùnrin náà. Kò wá fẹ́ ẹ mọ́?"

"Ẹ̀yin náà ẹ ò fẹ́ ẹ."

"Ẹ so ọkọ̀ yẹn mọ́lẹ̀," ni Màmá Ẹkúndayọ̀ wí.

Kò sí bí wọ́n ṣe lè kọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá so mọ́ òpó kò sí lójú omi lójú òfin, apá lè sinmi, ìyẹn kò fa wàhálà. Wàhálà wà nínú pupuru ẹ̀gẹ́ tó ń gbóná, ẹja sísá tó wà nínú ọbẹ̀, àti ìtàn. Ọmọ Ìdí-Àgbọn ni Màmá náà, ó sì rántí gbogbo nǹkan ibẹ̀. Ó rántí afárá pákó tó gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, tí wọ́n máa ń sáré lórí rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò á máa mì. Ó rántí alómi dídì tó máa ń pariwo ọjà rẹ̀ láti inú ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́, àti bí omi dídì náà ṣe máa ń yọ́ tán kó tó dé ilé wọn, tí ìyá rẹ̀ á sì san owó omi lásán. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, kò sì tún dẹ́kun jíjáde lẹ́yìn ẹ̀rín náà.

Oríyọmí jókòó, ó ń jẹun, ó ń wo gbòǹgbò igi ẹ̀gbà. Omi ti ń fà. Ó ń rí òrùka dúdú tútù lára gbòǹgbò náà, ó ń fẹ̀ sí i bí omi ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ kékeré ni òun nígbà tí wọ́n fi gbé òun kúrò ní Ìdí-Àgbọn. Kò rántí afárá, kò rántí alómi dídì. Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan ló rántí, àti ìmọ́lẹ̀ tó máa ń gba àárín pákó ilẹ̀ wọlé láti ojú omi, tó máa ń jó lára àjà bó ti dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé láti ìgbà náà, kò sí èyí tí àjà rẹ̀ ń jó.

"Màmá," ó ní níkẹyìn, "ẹ jọ̀ọ́, omi ń lọ."

"Omi ń padà bọ̀ pẹ̀lú. Fi ọwọ́ sí ẹja yẹn."

Ó fi ọwọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n fi máa tú okùn ọkọ̀, òrùka dúdú náà ti fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Wọ́n tukọ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Oríyọmí ń fi gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ yí àjẹ̀, kì í ṣe apá nìkan, nítorí pé ẹ̀yìn kì í tètè rẹ̀ bí apá. Bàbá kò ṣàwàdà. Wọ́n yípo igun erékùṣù, àgbá pupa àkọ́kọ́ sì yọ, orúkọ ìlú wọn wà lára rẹ̀ ní lẹ́tà funfun. Okùn tó so ó mọ́ ìsàlẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ tààrà. Kò tẹ̀ sí ibì kankan.

Oríyọmí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí kó tó wo fóòmù tó wà lójú omi. Fóòmù náà dúró sójú kan bí èyí tó wà lórí omi ọṣẹ nínú abọ́. Omi ti fà tán, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Kò sí ìṣàn tó máa gbé ẹnikẹ́ni kọjá.

Wọ́n ń yí àgbá náà po díẹ̀díẹ̀ kí apá má baà dúró. Ó ṣàlàyé fún Bàbá, ohùn rẹ̀ kò sì ga. Bí wọ́n bá dúró díẹ̀ sí i, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kún, á sì máa tì wọ́n padà. Ìgbà tó bá tún máa fà, oòrùn á ti wọ̀, Ilé-iṣẹ́ Omi á sì ti ti òkun pa. Àkókò ìlú yóò pé lónìí. Tí wọ́n bá gbé àjẹ̀ báyìí, orí ìlú ni wọ́n máa dúró sí bí ewé, Ẹlẹ́rìí á sì sọ̀rọ̀ nígbà kẹta.

"Ìyẹn ni pé pupuru Màmá Ẹkúndayọ̀ ló pa wá," ni Bàbá wí.

"Ẹ jẹ́ ká tukọ̀ kọjá, Bàbá."

Bàbá tún fa àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dé. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ yẹn òun dúró nínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, òun ń pe ìyá òun, ìyá òun sì jókòó sórí ibùsùn, ó ń di gèlè. Ìyá òun ní, "Máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn." Ọkọ̀ ti kún, àwọn ọmọdé ń ké, Oríyọmí náà wà nínú wọn. Òun tu ọkọ̀ lọ. "Àjẹ̀ ni mo fi tukọ̀ fi í sílẹ̀," ó ní, "mi ò lè fi gún òrùlé ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n gé ọwọ́, ó yá mi lára."

"Bí wọ́n bá gbin abẹ̀bẹ̀ sórí ẹ̀ ńkọ́?"

"Kì í ṣe èmi ló gbìn ín."

"Èmi àti ẹ̀yin la máa gbìn ín, lónìí yìí. Ẹ gbọ́ ariwo Èbúté-Alẹ́."

Ó rí i tí ọrùn Bàbá le. Ó dùn ún pé ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì kó o padà. Bàbá gbé àjẹ̀ tirẹ̀ kúrò nínú omi, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀. Àjẹ̀ kan ló kù nínú omi, ọwọ́ Oríyọmí ló wà. Bó bá gbé e, ó ti pa ìlérí ìyá rẹ̀ mọ́, kò sì ní sí ibi tí yóò nawọ́ sí mọ́ lójú àwòrán ayé pé ibẹ̀ ni ìyá ìyá òun wà. Bó bá tì í, orúkọ ìlú á dúró, yóò sì máa wo ojú ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Imú kayáàkì yà kúrò lára àgbá pupa, ó dojú kọ àárín ìlú tààrà. Ó fa àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Kí lò ń ṣe?" ni Bàbá wí.

"Mo ń wọlé ni, sà. Ẹ forí jì mí."

"Wọ ibo? Ta ló ń gba ibẹ̀ wọlé? Ẹ̀yìn ilé ìdáná Tíṣà Ọlátẹ́jú nìyẹn. Yà sí òsì."

Ó yà sí òsì kó tó mọ̀ pé òun ti yà. Bàbá náà, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bí ẹni tí ẹlòmíràn fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gbé ojú wo erékùṣù, ó wo ọ̀gangan ibi tí òkè àti igbó ti pàdé, ó wo ẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ dìde, ó nà án síwájú.

Ojú omi ni wọ́n kọ́ Ìdí-Àgbọn sí látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé ibẹ̀ ló dúró lórí òpó, kò sí ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín wọn àfi afárá pákó díẹ̀, omi ni títì wọn. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni àwọn èèyàn ń tukọ̀ láàárín ilé sí ilé. Oríyọmí mọ èyí, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìlú ti rì, gbogbo ẹni tó ń kọjá ni omi ń gbé bó ṣe wù ú, ó ń gbé wọn gba orí òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, kò sì sí ẹni tó tún ronú nípa títì, níbi tí àjẹ̀ kò ti ní gún òrùlé ẹnikẹ́ni. Àwọn tó mọ títì náà ti darúgbó, wọn kì í sì í rán àgbàlagbà lọ yí erékùṣù. Alága ẹgbẹ́ kò tiẹ̀ fẹ́ kí Bàbá wá. Ó ní yóò di ẹrù.

"Bàbá," ó rọra sọ ọ́, "ṣé ẹ rántí ọ̀nà?"

"Ṣé mo rántí ọ̀nà ilé wa?" ni Bàbá wí, bí ẹni tí wọ́n bú.

Ó darí rẹ̀. Kò tíì ti àjẹ̀ bọ omi, ṣùgbọ́n ó ń darí rẹ̀. Ó ní kó mú ọ̀kánkán igi gíga tó wà lórí òkè, ìyẹn ni títì ńlá. Ó ní kó rọra, àwọn ọmọ Ìyá Alákàrà máa ń wẹ̀ níbí, wọn kì í gbọ́ràn. Ó ní ilé onígbàjámọ̀ nìyí lọ́wọ́ ọ̀tún, òun ló ba irun òun jẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun. Ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òsì. Agogo rẹ̀ wà lórí òpó gíga, bí àjẹ̀ bá kàn án, á jí àwọn ẹja. Yà. Má yà jù. Oríyọmí ń ti àjẹ̀ bọ omi jẹ́jẹ́, ó ń fà á, omi sì ń dún bí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀ níbi tó jìnnà. Kò rí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀ àfi àwọ̀ ewé. Síbẹ̀ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi tí ògiri wà. Ó fà sẹ́yìn fún igun ilé kan láìjẹ́ pé Bàbá sọ fún un, Bàbá sì mi orí.

"Apá kan ló ń ṣiṣẹ́," ni Ẹlẹ́rìí wí.

"Ọ̀kan ti tó nínú òfin," ni Oríyọmí dá a lóhùn.

Wọ́n ti rí àgbá pupa ìkẹyìn lókèèrè. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún, fóòmù ti ń rìn, ó ń bọ̀ wá bá wọn. Nígbà náà ni Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró. Rárá, má dúró. Rọra."

"Kí ló dé?"

Ó ní wọ́n ti dé títì ilé àwọn fúnra wọn, ó sì tóóró, ó sì já sí òkun gbangba nígbà kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n òun àgbà fẹ́ ìyàwó kejì, kò sí iyàrá tí yóò gbé e sí, ló bá kọ́ iyàrá kan yọ síta, ó fi dí ojú títì pa. Gbogbo àdúgbò bá a jà. Ìyá wọn ló gbèjà rẹ̀, ó ní ọmọ òun kò lè máa gbé ìyàwó sínú ọkọ̀. "Òun fúnra ẹ̀ ló wá kó lọ sínú iyàrá náà nígbà tó darúgbó," ni Bàbá wí, "ó ní atẹ́gùn wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló wà."

Kò sí ọ̀nà mìíràn. Bí wọ́n bá yí padà, omi tó ń kún yóò gbé wọn jáde ní ibi tí wọ́n ti wọlé, oòrùn kò sì ní dúró dè wọ́n. Oríyọmí kò sọ ọ́. Ó ń tukọ̀ kí ọkọ̀ lè dúró sójú kan, apá rẹ̀ ń gbóná, ó ń wo ẹ̀yìn orí Bàbá. Ó ti pinnu pé bí Bàbá bá ní kí òun gbé àjẹ̀, òun yóò gbé e. Ó ti darí òun la gbogbo ìlú kọjá láìfi ọwọ́ kan ilé ẹnikẹ́ni. Ilé rẹ̀ nìyí. Òun ló ni í.

Bàbá mú àjẹ̀ rẹ̀ lórí itan. Ó di àárín rẹ̀ mú, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ kayáàkì lẹ́ẹ̀mejì, kò, kò, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

"Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí mo bá dé láti ojú ẹja," ó ní. "Ìyá kì í jẹ́ ká wọlé láìkànkùn. Ó ní olè ló máa ń wá jẹ́jẹ́. Àwa la wá ń kọjá lórí ẹ̀ jẹ́jẹ́ láti ọjọ́ yìí."

Ó tẹ̀ síwájú lórí omi. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó di ohùn ọmọ tó pẹ́ délé.

"Ìyá, èmi ni. Ikúẹ̀sàn. Ọmọ Adúntàn wà lẹ́yìn mi, ẹ rí i, ó ti dàgbà. Orí ilé yín la fẹ́ gbà, ẹ̀gbọ́n mi ló ti ọ̀nà pa, ẹ̀yin náà sì mọ̀. A ò ní pẹ́."

Ó dúró díẹ̀, bí èèyàn ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó ti àjẹ̀ rẹ̀ bọ omi, ó bọ̀ ọ́ jìn, ó sì fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, omi dún, ó ta sí Oríyọmí lójú.

"Apá méjèèjì ń ṣiṣẹ́," ni Ẹlẹ́rìí wí.

Kayáàkì sún síwájú lórí iyàrá náà. Oríyọmí kò mọ ohun tó yẹ kí èèyàn sọ fún ìyá àgbà tí kò mọ̀ rí, tó ń di gèlè lábẹ́ ọkọ̀. Bàbá fi ẹ̀yìn bá a sọ̀rọ̀, kò dá àjẹ̀ dúró.

"O ò kí wọn ni?"

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà," ni Oríyọmí wí.

Omi tó ń kún ti ń tì wọ́n láyà, ó sì le. Wọ́n jọ ń fa àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò fi ariwo pamọ́ mọ́, títí wọ́n fi kọjá àgbá pupa ìkẹyìn, títí orúkọ ìlú tó wà lára rẹ̀ fi dojú kọ ẹ̀yìn wọn.